Kí Ni O Rí Kí O Tó Yìnbọn?

Ìwàásù orí tẹlifíṣọ̀n, láti Ado-Èkìtì
Bíbélì kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 27:1-35; Diutarónómì 19:1-10



Ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá lórí tẹlifíṣọ̀n, ní Ado níbí, ní Ìgèdè, ní Arámọkọ, ní Ìjerò, ní Ẹ̀fọ̀n, àti ẹ̀yin ará wa tó wà lókè òkun, tí ọkọ yín bá wà ní yàrá, ẹ lọ pè é wá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn ọdẹ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. (Ẹ̀rín) Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, Pastor, ọ̀rọ̀ àṣeyọrí la wá gbọ́, ọ̀rọ̀ físà, ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ ṣé. Èyí náà, ọ̀rọ̀ ọmọ ni, nítorí ọmọ ẹnì kan ló máa ń kú níbẹ̀. Ó sì kan ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ìbọn rí, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ọta ń bà kì í ṣe ẹni tó gbé ìbọn. Màmá tó lọ ṣẹ́gi ni. Àgbẹ̀ tó tètè jí lọ sóko ni. Ọmọ tó lọ wo pàkúté rẹ̀ ni.

Ní ayé àwọn bàbá wa, iṣẹ́ gidi ni ọdẹ. Ẹni tó bá ń ṣe é, ó kọ́ ọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó mọ ẹsẹ̀ ẹtu yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín. Ó mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá kí ẹran má baà gbóòórùn rẹ̀. Ó lè gun ègùn lórí igi láti ìrọ̀lẹ́, kó jókòó síbẹ̀ láìmira, títí ẹran á fi wá jẹ èso nísàlẹ̀. Tí irú wọn bá fẹ́ dẹ̀gbẹ́, wọ́n á sọ fún ará ilé pé apá ibi báyìí ni mò ń lọ, ọjọ́ báyìí ni kẹ́ ẹ máa retí mi. Irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàárín wa, mo kí wọn, ẹ kú iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń dà mí láàmú ni ọdẹ wíkẹ́ńdì. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ó ń jókòó ní ọ́fíìsì láti Mọ́ńdè. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Fúráídè, ó ti gbé ìbọn sẹ́yìn mọ́tò, ó ti pe ọ̀rẹ́, wọ́n ti ra búrẹ́dì àti gàrí, àwọn mìíràn sì ti ra nǹkan mìíràn tí mi ò ní dárúkọ lórí pẹpẹ. (Ẹ̀rín) Ó di inú ugbó, gẹ́gẹ́ bí àwa Èkìtì ṣe ń pè é. Ní Sọ́ńdè a ò ní rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó á ní ó rìnrìn àjò. Mi ò bá a wí nítorí ẹran o. Nínú Diutarónómì 14, ẹsẹ 5, Ọlọ́run ka àgbọ̀nrín mọ́ ẹran tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lè jẹ. Pastor yín náà ń jẹ ẹran ìgbẹ́, pàápàá tí iyán bá gbóná lábẹ́ rẹ̀. (Ẹ̀rín, àtẹ́wọ́) Ohun tí mo ń bi yín ni pé: kí lẹ rí kẹ́ ẹ tó yìnbọn?

Sọ fún ẹni tó jókòó tì ọ́ pé, kí lo rí? (Ìjọ: Kí lo rí?) Kò dáhùn. Tún bi í. (Ìjọ: Kí lo rí?)

Ẹ ṣí Gẹ́nẹ́sísì orí 27. Ìtàn ọdẹ ni, àmọ́ ìbùkún tí Jákọ́bù gbà nìkan la máa ń wàásù níbẹ̀. Ísáákì ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ṣe bàìbàì, ẹran ìgbẹ́ sì ń wù ú jẹ. Ó rán Ísọ̀ lọ síbi ọdẹ. Kí Ísọ̀ tó dé, Rèbékà ti se ọmọ ewúrẹ́ méjì, ó ti fi awọ wọn bo ọwọ́ àti ọrùn Jákọ́bù, ó ti wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un. Jákọ́bù wọlé tọ bàbá.

Ẹ wo bàbá yìí dáadáa. Ọgbọ́n orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀: báwo ni ọmọ yìí ṣe rí ẹran kíákíá tó báyìí? Kò dúró lé e. Ó fọwọ́ kan ọmọ náà. Ọwọ́ ní Ísọ̀ ni, ó nírun. Etí ní rárá o, ohùn Jákọ́bù lèyí. Ó tilẹ̀ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ẹsẹ 22! Ó mọ̀ pé ẹ̀rí méjèèjì kò dọ́gba. Ẹ̀yin adájọ́ tó wà níjọ, tí ẹlẹ́rìí kan bá ní funfun, tí èkejì ní dúdú, ẹ lè dájọ́ lójú ẹsẹ̀? (Ìjọ: Rárá!) Ísáákì dájọ́. Ó ní gbé oúnjẹ wá. Ó jẹun tán, ó gbóòórùn aṣọ, ó tú ìbùkún jáde. Nígbà tí Ísọ̀ gidi wọlé pẹ̀lú ẹran rẹ̀, Bíbélì ní Ísáákì wárìrì gidigidi, nítorí ohun tó ti jáde lẹ́nu kò ṣeé kó padà.

Ẹran ń wù ú jẹ, ojú rẹ̀ kò ríran, etí rẹ̀ sọ òtítọ́ fún un, kò gbọ́ ti etí. Ẹ̀yin ọdẹ, mo fi Bíbélì bẹ̀ yín, ṣé kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú igbó lóru nìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí n ya á fún yín. Ẹnì kankan kọ́ ni mò ń sọ o, àpèjúwe ni. Ọ̀rẹ́ méjì jáde ní Ado ní alẹ́ Fúráídè. Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kan ní Ẹ̀gbọ́n, ká pe èkejì ní Àbúrò. Fúráídè, wọn ò rí nǹkan kan. Sátidé, Ẹ̀gbọ́n yìn ín, kò bà á. Òwe wa ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà inú igbó, tó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ ò wá rí ọdẹ tó ro ìṣẹ́ ro ìyà tí kò tíì rí ẹran pa! Ó ń ro owó epo mọ́tò. Ó ń ro ẹ̀rín tí ìyàwó rẹ̀ máa rín. Ilẹ̀ Sọ́ńdè ti fẹ́ mọ́. Wọ́n pínyà: ìwọ gba ẹ̀bá odò, èmi á gba ẹ̀yìn oko kòkó, tí àkùkọ bá kọ, ká pàdé nídìí ìrókò.

Oorun ń kun Àbúrò. Kò dúró de àkùkọ. Ó gba ọ̀nà mìíràn padà láti wá Ẹ̀gbọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tún okùn bàtà rẹ̀ so. Tọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ kàrà, kàrà nínú ewé. Ó wo iwájú, ó rí nǹkan méjì tó ń tàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, bí ibi tí orí àgbọ̀nrín máa ń wà. Ọkàn rẹ̀ ní, ó dé.

Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní nǹkan kan. Ẹ̀yìn ojú ẹtu, ti àgbọ̀nrín, ti ológbò, ti ajá, ti ewúrẹ́, ní awọ kan tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń tàn yanran tí tọ́ọ̀ṣì bá bà á lóru. Ojú ènìyàn kò ní in. Torí náà ọdẹ á ní, ojú ènìyàn kì í tàn, ohun tó bá ń tàn, ẹran ni. Irọ́ ni! Ènìyàn tó de tọ́ọ̀ṣì mọ́rí ń tàn. Tí ewé bá gé iná rẹ̀ sí méjì, ó di ojú méjì. Irin bẹ́líìtì ń tàn. Ike omi ń tàn. Ajá tó jókòó ti olówó rẹ̀ ń tàn. Màlúù tí darandaran sùn tì ń tàn. Ohun tó ń tàn kò tíì di ẹran, àfi tí o bá rí ọrùn rẹ̀, kí o rí èjìká rẹ̀, kí o rí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin.

Súfèé ńkọ́? Àwọn bàbá wa máa ń súfèé fún ara wọn kí ọwọ́ tó dé ibi ìbọn. Ẹran tó bá gbọ́ súfèé, kó sá, kí ló bàjẹ́ níbẹ̀? Ẹran sá, o pàdánù ẹran. Ṣùgbọ́n tí o kò bá súfèé, tó sì jẹ́ pé Àbúrò ni...

Ẹ̀gbọ́n kò súfèé. Ó yìn ín. Ọta ọdẹ kì í ṣe ẹyọ kan, ó máa ń tú ká ni, kò sí ẹni tó lè ní apá lásán lòun fojú sùn. Ohùn kan ké, ó sì pè é lórúkọ.

(Ìjọ: Jésù!)

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ní pàtàkì bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí, nítorí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbọn burú ju ìbọn lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sẹ́nu ni pé, kì í ṣe ojú lásán. Wọ́n á ní ẹran ni mo rí o, ẹran ló di ènìyàn. Wọ́n á ní àwọn ìyá ló gbé ìbòjú bò mí lójú. Wọ́n á ní Ògún fẹ́ mu ẹ̀jẹ̀. Ìrè tí wọ́n ń pè ní ilé Ògún kò kúkú jìnnà sí wa. A ti gbọ́ ìtàn yẹn láti kékeré, ti ẹran tó bọ́ awọ sínú igbó, tó di obìnrin arẹwà, tó lọ ná ọjà. A ka Fágúnwà ní ilé ìwé, ìwé ògbójú ọdẹ tó jáde ní 1938, ó sì dùn. Inú ìwé ni kí ó wà.

Ẹ má sọ pé Pastor kò gbà pé ẹ̀mí òkùnkùn wà. Èmi? Ilẹ̀ Èkìtì yìí ni ìsọjí dé lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀yẹ̀, Iléṣà, ní 1930, nígbà tí Àpọ́sítélì Babalọlá wá sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Àwọn bàbá wa sun òrìṣà nígbà náà. A mọ ohun tí à ń bá jà. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n náà ni mo ṣe ń sọ fún yín pé èyí tí ọwọ́ yín ṣe, ẹ má gbé e fún ìyá arúgbó kan ní àdúgbò. Èmi ò rí i kí àjẹ́ tẹ ìbọn. Ìka ọwọ́ ọdẹ ló tẹ̀ ẹ́. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé tí ẹ bá ní àjẹ́ ni, inú wàhálà ni ìyá kan máa sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyẹn á wá di ẹ̀jẹ̀ méjì. (Ìjọ dákẹ́) Ẹ ti dákẹ́. Ẹ ṣe àmín. (Ìjọ: Àmín)

Ohun kejì tó máa ń wá sọ́kàn ni kí á bò ó mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí mi. Igbó dúdú. Kí n ní a pínyà, mi ò mọ ibi tó gbà. Arákùnrin, Kéènì ló ti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọlọ́run. Inú pápá ni, òun àti àbúrò rẹ̀ nìkan, Ọlọ́run sì bi í léèrè àbúrò rẹ̀. Ọlọ́run ní ẹ̀jẹ̀ ń ké láti inú ilẹ̀. Ti Kéènì sì jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe o. Tìrẹ tí kò jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, ìwọ ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ sọ ọ́ di ti Kéènì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọba kan hàn yín. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1100, William Kejì, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Rufus, lọ ṣọdẹ nínú igbó ọba tí wọ́n ń pè ní New Forest, igbó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nítorí àgbọ̀nrín. Ọfà ẹnì kan lára àwọn tí wọ́n jọ lọ bà á, ó sì kú síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní ó ta ọfà náà, Walter Tirel, sá gba ilẹ̀ Faransé lọ. Àbúrò ọba, Henry, wà níbi ọdẹ ọjọ́ náà. Ó sáré lọ síbi tí ìṣúra wà ní Winchester, nígbà tó sì di ọjọ́ 5 oṣù kan náà, wọ́n ti dé e ládé. Ó ti lé ní 900 ọdún, àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn títí di òní: ṣé àṣìṣe ni, àbí wọ́n pa á ni? Bóyá àṣìṣe ni lóòótọ́. Ta ló máa gbà? Ó sá.

Ẹ wá sí Diutarónómì 19. Ẹsẹ 5. Ẹni méjì wọ igbó, wọ́n fẹ́ gé igi. Ọ̀kan gbé àáké sókè, irin yọ kúrò lára ẹ̀rú, ó ba èkejì, ó kú. Ẹni méjì wọ igbó, ẹnì kan jáde. Ọlọ́run tó dá gbogbo wa kò ní kí wọ́n lọ wádìí ẹ̀mí tó wà nínú àáké. Kò ní kí ẹni náà wọ igbó lọ. Ó ní kó sá, òótọ́ ni, àmọ́ inú ìlú ni kó sá sí! Ìlú ààbò. Mẹ́fà ni, Jóṣúà 20 dárúkọ wọn. Ẹ sì wo ohun tó wà ní ẹsẹ 3 ibí yìí: ó ní kí wọ́n la ọ̀nà síbẹ̀. Ọlọ́run ronú nípa ọ̀nà! Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lára aṣọ rẹ̀, Ọlọ́run kò fẹ́ kó ṣìnà.

Tó bá wá dé ẹnu bodè, kì í wọlé kó lọ sùn. Jóṣúà 20, ẹsẹ 4, ó máa dúró lẹ́nu bodè, ó máa rojọ́ rẹ̀ fún àwọn àgbà ìlú náà. Àwọn àgbà á gbọ́, wọ́n á gbà á sílé, lẹ́yìn náà ìjọ ènìyàn á dájọ́. Ó ṣẹlẹ̀ báyìí, èmi ni, mi ò kórìíra rẹ̀ rí. Ó sì máa wà ní ìlú náà títí olórí àlùfáà á fi kú. Kò rọrùn. Kúrò nílé rẹ, kúrò lóko rẹ, fún bí ọdún mélòó, ìwọ kò mọ̀. Ọlọ́run kò ní àánú kò wà, kò sì ní nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Nítorí àwọn kan máa ń fi owó parí ẹ̀. Wọ́n á kó àgbà wá, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní ẹ gba èyí fi sin òkú, ká má jẹ́ kí ọlọ́pàá gbọ́. Ẹ dọ̀bálẹ̀ o, ẹ tọrọ àforíjì, ẹ ran àwọn ọmọ òkú lọ́wọ́ títí ayé yín. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ẹ ka Númérì 35, ẹsẹ 32. Ọlọ́run ní wọn kò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó sá wá sí ìlú ààbò kó lè tètè padà sílé. Ẹ̀mí kò ní iye.

Ẹ̀yin ẹbí ẹni tó kú tí ẹ ń wò mí, mo mọ̀ pé inú yín ń gbóná. Ọlọ́run mọ̀. Ẹsẹ 6 dárúkọ inú gbígbóná yín, kò bú yín fún un. Ó kàn la ọ̀nà kí ẹ̀jẹ̀ kejì má baà sàn.

Ẹ padà sí Àbúrò. Mo fi í sílẹ̀ sínú igbó, kò sì tíì kú. (Ìjọ: Hẹ̀n!) Ẹni tí ọta bà kì í sábà kú lójú ẹsẹ̀, ìdákẹ́ Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pa á. Ẹ̀gbọ́n ń rò ó pé, tí mo bá gbé e dé ọsibítù, wọ́n á ní ìwé ọlọ́pàá dà? Wọ́n á mú mi. Ó ń rò ó, ẹ̀jẹ̀ ń dà.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin kan wà ní Nàìjíríà láti 2017, orúkọ rẹ̀ ni Compulsory Treatment and Care for Victims of Gunshot Act. Ó ní gbogbo ọsibítù, ti ìjọba ni o, ti aládàáni ni o, gbọ́dọ̀ gba ẹni tí ìbọn bà, kó sì tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Wọn kò gbọ́dọ̀ ní kó kọ́kọ́ san owó. Ọsibítù fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún ọlọ́pàá, láàárín wákàtí méjì. Mo mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìwé àti ohun tí ẹ máa bá lẹ́nu géètì lè máà jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ dárúkọ òfin náà fún wọn. Ní Ado ibí, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Èkìtì wà. Ní Ìdó-Èkìtì, ti ìjọba àpapọ̀ wà. Ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ igbó. Ọ̀nà ìlú ààbò yín nìyẹn!

Kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ mú aṣọ tó mọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ gan-an, ẹ má tú u wò. Tí ẹ̀jẹ̀ bá rin ín, ẹ fi òmíràn lé e lórí, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ má fi ọ̀bẹ wá ọta. Ẹ má bu ẹ̀tù ìbọn sí i, ẹ má bu kẹrosíìnì sí i, ẹ má fún un ní ọtí. Ẹ fi aṣọ bò ó kí òtútù má mú un. Nọ́ọ̀sì tó wà níjọ, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Ohùn: Bẹ́ẹ̀ ni, sà!) Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2006, Dick Cheney, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, lọ pa ẹyẹ kan tó jọ àparò ní Texas. Ẹyẹ fò, ó yí tẹ̀ lé e, kò mọ̀ pé Harry Whittington, ẹni ọdún 78, ti dé apá ibẹ̀. Ọta bà á lójú, lọ́rùn, láyà. Ẹni tí ẹ̀ṣọ́ yí ká, tó lówó, tí ìbọn rẹ̀ kì í ṣe ṣakabùlà, ohun kan náà ló ṣe é: ó ń wo ẹran, kò wo ibi tí ẹran gbà. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn tó máa ń tẹ̀ lé igbákejì ààrẹ wà nítòsí, wọ́n dé ọ̀dọ̀ bàbá náà lójú ẹsẹ̀. Ọta kan tilẹ̀ dé ọkàn rẹ̀, síbẹ̀ kò kú. Ọdún 2023 ló tó kú, ó ti pé ẹni 95. Cheney sì jáde lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ kẹrin, ó ní òun lòun tẹ ìbọn náà, kì í ṣe ẹ̀bi ẹlòmíràn. Àwọn kan bínú sí i pé ó pẹ́ kó tó jáde, ìyẹn wà lọ́rùn rẹ̀. Mi ò fi í ṣe àpẹẹrẹ ìwà mímọ́ fún yín o! (Ẹ̀rín) Mo kàn ń sọ pé ẹni tí wọ́n tètè tọ́jú, ó lo ọdún mẹ́tàdínlógún sí i láyé.

Ẹ̀rù sì ti bá gbogbo wa ní ilẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ wa. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Ẹmùrè. Láti ìgbà tí Àmọ̀tẹ́kùn ti dé ní 2020, àwọn ọdẹ wa wà lára àwọn tó ń ṣọ́ wa. Ọlọ́run á ṣọ́ àwọn náà. (Ìjọ: Àmín!) Àmọ́ ìbẹ̀rù ti mú kí ọwọ́ yá jù. Tẹ́lẹ̀, ọdẹ lè ṣi ènìyàn mú bí ẹran. Ní báyìí, ó lè mọ̀ pé ènìyàn ni, kó sì pè é ní ajínigbé. Ẹni tó ń bọ̀ láti oko rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí ẹ̀rù ìwọ náà ń bà! Ẹ kí i, ẹ bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Iná tí ẹ ń fi sun igbó nígbà ọyẹ́ láti lé ọ̀yà jáde, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Oko kòkó ẹlòmíràn wà lẹ́yìn igbó yẹn, ogún ọdún làálàá àgbẹ̀, ọ̀yà mẹ́ta kò lè san án. Májèlé tí àwọn kan ń fi pa ẹran, tí wọ́n wá ń tà á fún wa lẹ́bàá títì, Ọlọ́run á tú wọn fó. Ẹ jẹ́ ká kọjá.

Ìwọ kan ń wò mí nísinsìnyí. Ó lè ti pẹ́. Ẹ wọ igbó, ẹ̀yin méjì, ìwọ lo jáde. O sọ fún wọn pé ó ṣubú lórí igi, tàbí o ní o kò mọ ibi tó gbà. O bá wọn wá a kiri. O bá wọn sunkún, ẹkún rẹ sì jẹ́ òótọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń kí ọ lọ́jà, o ń gba ọ̀nà mìíràn. Ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, ó ti ń jọ ọ́. Àwọn ará ilé wọn ṣì ń ṣọ́ ìyá kan pé òun ló jẹ ẹ́. Ìyá yẹn kò jẹ ẹnikẹ́ni, ìwọ nìkan lo mọ̀. Bọ́ sí ẹnu bodè. Mi ò ṣèlérí fún ọ pé ọlọ́pàá kò ní mú ọ, mi ò lè pa irọ́ lórí pẹpẹ. Mò ń sọ fún ọ pé o kò ní dá lọ. Èmi á bá ọ lọ. Èmi Pastor, èmi á jókòó tì ọ́ níbẹ̀.

Gbogbo ẹni tó ní ìbọn nílé, ẹ dìde dúró. Ẹ má tijú. Ẹ̀yin bàbá, ẹ dìde. Ìyàwó ọdẹ, ìwọ náà dìde. Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún yín sókè, ìka tó ń tẹ ìbọn yẹn.

Bàbá, lórúkọ Jésù, ìka tó wà lókè yìí, tìrẹ ni. Má jẹ́ kó yára ju ojú lọ. (Àmín!) Ojú tó ti ṣe bàìbàì nítorí ìkánjú, là á. (Àmín!) Etí tó gbọ́ ohùn ènìyàn tí ọkàn ń sọ pé ẹran ni, jẹ́ kó borí ọkàn. (Àmín!) Ẹni tó jáde lọ sóko láàárọ̀ ọ̀la, ní Ado, ní Ìgèdè, ní Ìjerò, ní Ẹ̀fọ̀n, jẹ́ kó padà wálé jẹun. (Àmín!) Ìyá tí wọ́n ń fẹ̀sùn ohun tí kò ṣe kàn, gbé ojú rẹ̀ sókè kí ó tó kú. (Àmín!) Ẹni tó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, la ọ̀nà fún un. La ọ̀nà náà, Olúwa, kí ó má ṣìnà. Lórúkọ Jésù. (Ìjọ: Àmín!)

Ẹ jókòó. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ má tíì lọ. Ẹ̀gbọ́n wa agbẹjọ́rò àti nọ́ọ̀sì wa ń dúró dè yín ní kíláàsì àwọn ọmọdé lẹ́yìn ìsìn. Ẹ mú bírò dání.